Philadelphia Eagles sáà 2017: bí aláfidípò ṣe gba ife Super Bowl wálé

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní pápá ìṣeré Coliseum ní ìlú Los Angeles. Carson Wentz, quarterback ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sáré, ó sì fò síwájú kó lè wọ ilé àwọn Los Angeles Rams. Ọkùnrin méjì kọlù ú níbẹ̀. Rẹfirí fagi lé touchdown náà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀. Wentz dìde, ó padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń darí eré lọ. Nígbà tó di ìgbìyànjú kẹrin, ó ju bọ́ọ̀lù sí Alshon Jeffery, touchdown wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rìn kúrò lórí pápá. Àyẹ̀wò ọjọ́ kejì ló fi hàn pé iṣan tó di orúnkún òsì rẹ̀ mú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, ti já. Orúnkún tó ti já ló fi dúró ju touchdown yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ṣàjèjì sí. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Tí wọ́n bá ṣe é yọrí, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Tó bá ku ìgbìyànjú kan ṣoṣo tí yáàdì kò tíì pé, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá á ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sọ́dọ̀ alátakò, tàbí kí wọ́n gbá a gba àárín òpó fún àmì ayò 3. Touchdown, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé inú ilé alátakò, jẹ́ 6, wọ́n sì lè fi 1 tàbí 2 kún un. Ọwọ́ quarterback ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Òun ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló ń pinnu bóyá kó jù ú ni tàbí kó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí quarterback rẹ̀ bá fara pa nínú oṣù Kejìlá, kí wọ́n máa bá a dárò ló kù.

Bẹ́ẹ̀, Wentz kì í ṣe quarterback lásán lọ́dún náà. Touchdown 33 ló jù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13, èyí tó borí 32 tí Sonny Jurgensen ti jù fún Eagles ní ọdún 1961. Eagles borí Rams ní 43 sí 35 lọ́jọ́ náà, wọ́n ti borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 2 péré. Àmọ́ ojú àwọn ará Philadelphia walẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà.

Ó yẹ kí ojú wọn walẹ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ yìí gba ife ẹ̀yẹ líìgì NFL ní ọdún 1948, 1949 àti 1960, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá líìgì náà. Láti ìgbà tí Super Bowl ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2017, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n fìdí rẹmi: Raiders nà wọ́n ní 27 sí 10 nínú oṣù Kìíní ọdún 1981, New England Patriots sì nà wọ́n ní 24 sí 21 nínú oṣù Kejì ọdún 2005. Dallas Cowboys, New York Giants àti ẹgbẹ́ Washington, àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan, ló ti gba tiwọn, tí wọ́n sì ń fi dá wọn lóró. Àwọn bàbá tó ń mú ọmọ wọn lọ wo Eagles ní pápá ti di bàbá àgbà, wọn ò tíì rí ife náà sójú.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ nìyí. Lójú tèmi, àwọn tó ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ní iṣẹ́ ìyanu kò wo ẹgbẹ́ náà dáadáa. Láti òkè délẹ̀ ni ẹgbẹ́ yẹn kún fún àwọn tó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó sẹ́yìn kó máa retí.

Doug Pederson, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, aláfidípò ni lọ́pọ̀ ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn Brett Favre ló wà ní Green Bay. Ní ọdún 1999, òun ni Eagles fi ṣe quarterback títí ọmọ tuntun kan, Donovan McNabb, fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú ò sì fi pamọ́ pé àwọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, iléèwé girama kan ní Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Frank Reich tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ lórí ètò ìkọlù náà, aláfidípò Jim Kelly ni ní Buffalo. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1993, Kelly ti fara pa, Reich ló bẹ̀rẹ̀ eré, Houston Oilers sì fi 35 sí 3 ṣíwájú wọn. Buffalo padà borí ní 41 sí 38. Ta tún ni ìbá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún aláfidípò ju àwọn méjì yìí lọ?

Nick Foles ni aláfidípò náà. Ní ọdún 2013, Eagles yìí kan náà ló ń gbá fún nígbà tó ju touchdown 27, tí wọ́n sì já 2 péré gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ṣe pààrọ̀ lọ sọ́dọ̀ Rams, nǹkan dàrú fún un níbẹ̀ débi pé ní ọdún 2016, ó fẹ́ pa bọ́ọ̀lù tì pátápátá. Andy Reid, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú un wá sí Eagles níbẹ̀rẹ̀, ló pè é wá sí Kansas City. Ọdún kan ló lò níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2017, Howie Roseman, ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù fún Eagles, mú un padà wá sílé láti jókòó lẹ́yìn Wentz. Ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo sáà náà nìyẹn, ìròyìn kékeré ni wọ́n sì fi ṣe lọ́jọ́ tó wáyé.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, Eagles ra Jay Ajayi lọ́wọ́ Miami Dolphins, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ láti mú agbábọ́ọ̀lù tuntun kan ní ìpele kẹrin san án. Ọmọ Yorùbá ni Ajayi, London ni wọ́n bí i sí, Arsenal ló ń ṣe, ọmọ ọdún méje ló wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní yunifásítì Boise State, kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe ń sáré, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń mú agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 2015, ẹ̀rù orúnkún rẹ̀ bà wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀ títí dé ìpele karùn-ún. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó sáré ju yáàdì 200 lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbá fún Eagles, wọ́n na Denver Broncos ní 51 sí 23, Ajayi sì sá eré yáàdì 46 wọlé touchdown. Ní Dallas, ó sá yáàdì 71 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó ń gbà sáré kò lẹ́wà púpọ̀: á rẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀, á fi èjìká ko èèyàn, á sì tún máa lọ pẹ̀lú ẹni méjì tó so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Èkejì ni Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní ìlú Èkó, tó dé Tampa ní Florida nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ìpele kìíní ni Eagles ti mú un ní ọdún 2015, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun àwọn èèyàn. Ní ọdún 2016, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n ní kó jókòó sílé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Sáà 2017 dé, wọ́n gbé e kúrò létí pápá wá sáàárín, ó sì mú bọ́ọ̀lù 62, touchdown 8. Ẹnu tó ń bú u ló padà ń kọrin rẹ̀.

Kí orúnkún Wentz tó já ni ẹgbẹ́ yìí ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹlòmíràn rọ́pò. Caleb Sturgis tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba òpó fara pa ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n mú Jake Elliott, ọmọ tuntun tí Cincinnati ò tíì lò rí. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, òun àti Eagles dojú kọ Giants, ayò dọ́gba, àsìkò ti tán tán, ó sì gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 61. Ó wọlé, 27 sí 24. Ọjọ́ yẹn náà ni Darren Sproles ṣẹ́ lápá tí orúnkún rẹ̀ tún já. Jason Peters, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo quarterback, fara pa lọ́jọ́ tí wọ́n gbá pẹ̀lú Washington nínú oṣù Kẹwàá, bẹ́ẹ̀ ni Jordan Hicks tó ń darí ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Halapoulivaati Vaitai bọ́ sípò Peters, wọ́n sì ń borí lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n borí léraléra.

Ẹ má sì gbàgbé ìgboyà Pederson. Tó bá di ìgbìyànjú kẹrin, ó ní ẹnì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ etí, tó ti ṣírò tẹ́lẹ̀ ohun tó lérè jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní sáà náà dípò kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dànù, 17 sì bọ́ sí i. Èyí ni mo rò pé ó ya ẹgbẹ́ náà sọ́tọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ dàṣà láti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ara wọn ṣì le.

Foles wọlé. Touchdown mẹ́rin ló jù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na Giants ní 34 sí 29, àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wá burú. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n ṣe wàhálà kí wọ́n tó borí Raiders ní 19 sí 10, ìṣẹ́gun yẹn ló fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gba àlejò nílé títí dé ẹnu ọ̀nà àṣekágbá. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún, Cowboys wá sí Philadelphia, Eagles ò rí ayò kankan jẹ, 6 sí 0. Bọ́ọ̀lù 11 ni Foles jù kó tó bọ́ sílé kó sinmi, 4 péré ló dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí. Borí 13, fìdí rẹmi 3 ni wọ́n fi parí sáà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn ìbá dín eré kù, á ní kí aláfidípò máa fa bọ́ọ̀lù lé Ajayi lọ́wọ́, kó máa ṣe jẹ́jẹ́. Pederson, Reich àti John DeFilippo, tó ń kọ́ àwọn quarterback, ṣe ìdàkejì. Wọ́n padà lọ wo fídíò Foles àtijọ́, ti ọdún 2013 wà lára rẹ̀, wọ́n wo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n sì tún ètò ìkọlù tò yí i ká. Eré tí quarterback á ti na bọ́ọ̀lù sí olùsáré níkùn, á wo ibi tí alátakò bá yí sí, kó tó mọ̀ bóyá kó jọ̀wọ́ rẹ̀ tàbí kó fà á yọ kó jù ú, ni wọ́n kó jọ fún un. Aṣọ tí wọ́n rán fún Wentz ni wọ́n ti ń fi wọ̀ ọ́ látọjọ́ yìí, tirẹ̀ ni wọ́n wá gé fún un.

Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2018, Atlanta Falcons dé. Eagles ló wà nípò kìíní ní apá tiwọn, Falcons wà nípò kẹfà, síbẹ̀ Falcons ni àwọn oníléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ fọwọ́ sí. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ajayi kọ́kọ́ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù eré, ayò 3 ló bá a lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó mú òun, ó padà ń fa ẹgbẹ́ síwájú. Eagles ṣíwájú ní 15 sí 10 nígbà tí Falcons dé yáàdì 2 sí ilé wọn. Ìgbìyànjú kẹrin. Matt Ryan ju bọ́ọ̀lù sókè sí Julio Jones. Jones yọ̀ ṣubú, ó dìde, ó fò, bọ́ọ̀lù sì gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá níwájú Jalen Mills. Eré parí síbẹ̀. Lane Johnson àti Chris Long wọ ìbòjú orí ajá jáde sórí pápá, torí pé ẹni tí wọn ò kà sí ni Amẹ́ríkà ń pè ní ajá abẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìbòjú ajá ti di ohun tí gbogbo ìlú ń wá kiri.

Minnesota Vikings ló kàn. Tí wọ́n bá borí, inú pápá tiwọn ní Minneapolis ni wọn ó ti gbá Super Bowl, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì ṣe rí títí di ìgbà yẹn. Wọ́n jẹ touchdown kan, ó sì parí síbẹ̀ fún wọn. Long gbá Case Keenum, quarterback Vikings, lọ́wọ́ bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, Patrick Robinson já a gbà, ó gbé e sá yáàdì 50 wọlé. Eagles borí ní 38 sí 7. Yáàdì 352 ni Foles jù lọ́jọ́ náà, touchdown mẹ́ta. Àwọn ọlọ́pàá ti fi ọ̀rá kun òpó iná ìgboro kí àwọn èèyàn má baà gùn ún. Wọ́n gùn ún.

Ọjọ́ 4 oṣù Kejì, Super Bowl LII, Patriots ti Tom Brady, quarterback wọn, tún ni. Mi ò ní sọ gbogbo eré náà tán. Àpapọ̀ yáàdì tí ẹgbẹ́ méjèèjì rìn lọ́jọ́ náà jẹ́ 1,151, kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ NFL kankan tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Jeffery fò mú touchdown yáàdì 34, LeGarrette Blount sá yáàdì 21 wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 38 kí ìlàjì eré dé, Eagles ló ṣíwájú ní 15 sí 12, bọ́ọ̀lù wà ní yáàdì 1 sílé Patriots, ìgbìyànjú kẹrin sì ni. Ayò 3 wà nílẹ̀ tó kàn jẹ́ kí wọ́n gbé.

Foles rìn lọ bá Pederson létí pápá. Òun fúnra rẹ̀ ló dábàá eré tí wọ́n ti ń fi ṣe ìmúrasílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí wọn ò tíì lò. Pederson ronú díẹ̀, ó ní ó dáa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Foles dúró síbi tó yẹ kó dúró, ó wá rọra rìn lọ sí apá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ létí àwọn tó ń dáàbò bò ó. Ojú Patriots kúrò lára rẹ̀. Láti àárín, wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù sí olùsáré Corey Clement tààrà. Clement sá sósì, ó jù ú sí Trey Burton tó ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Burton ti fìgbà kan jẹ́ quarterback ní yunifásítì Florida. Ó gbójú sókè, Foles nìkan ló dúró ní igun ilé Patriots, kò sí ẹ̀dá alààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jù ú sí i pẹ̀lẹ́, Foles mú un. 22 sí 12. Ṣáájú ìyẹn, ní abala kejì kan náà, wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù sí Brady fúnra rẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Philly Special ni gbogbo ayé ń pe eré yẹn báyìí.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ní orúkọ. Ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 39 ló kù, Patriots ti kọjá wọn ní 33 sí 32, Eagles wà ní yáàdì 45 tiwọn, ìgbìyànjú kẹrin, yáàdì 1 ló kù. Tí wọn ò bá rí i ṣe, Brady á gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Pederson ò wẹ̀yìn. Foles jù ú sí Zach Ertz, yáàdì 2. Ìgbà tó yá, Ertz yìí kan náà ló gbé bọ́ọ̀lù fò wọlé, 38 sí 33. Àárín ìgbà náà, Agholor mú bọ́ọ̀lù tó ń lọ sí yáàdì tuntun léraléra. Mẹ́sàn-án ló mú lọ́jọ́ náà, yáàdì 84. Ajayi náà sá yáàdì 57 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án.

Ó ku ìṣẹ́jú 2 àti díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ti rí Brady níbi tó ti ń ṣe irú èyí yọrí. Brandon Graham gba àárín wọlé, ó na ọwọ́ kan, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Brady, ó ta lẹ́ẹ̀kan, Derek Barnett sì gbá a mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni wọ́n rí Brady mú kó tó ju bọ́ọ̀lù. Elliott gbá yáàdì 46 gba àárín òpó. 41 sí 33.

Foles ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù: yáàdì 373, touchdown mẹ́ta tó jù, ọ̀kan tó mú. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejì, wọ́n yí ìlú ká dé orí àtẹ̀gùn ilé àwòrán Philadelphia. Jason Kelce, tó ń fi bọ́ọ̀lù lé Foles lọ́wọ́ láti àárín, wọ aṣọ aláràbarà àwọn Mummers, àwọn tó máa ń múra yọ̀ kiri ìgboro Philadelphia lọ́jọ́ ọdún tuntun, ó sì ń ka ohun tí àwọn èèyàn ti sọ nípa ìkọ̀ọ̀kan wọn: pé Pederson ò yẹ fún iṣẹ́ náà, pé Agholor ò lè mú bọ́ọ̀lù, pé ẹni báyìí kéré jù, pé ẹni báyìí ti dàgbà jù. Ohùn rẹ̀ ti há kó tó parí.

Kò pẹ́ tí Indianapolis Colts fi mú Reich ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tiwọn, DeFilippo sì lọ sọ́dọ̀ Vikings. Orúnkún Ajayi tún já nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Wentz tún fara pa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Foles tún dìde lórí àga, ó gbé wọn wọ ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, wọ́n na Bears ní Chicago ní 16 sí 15, kí New Orleans Saints tó dá wọn dúró ní 20 sí 14. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2019, ó lọ sí Jacksonville Jaguars gẹ́gẹ́ bí quarterback àkọ́kọ́ wọn.